Ẹ̀yin Ọ̀gá, Ẹ Fọwọ́ Ara Yín Kọ Lẹ́tà Náà

Látìgbà tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ báńkì ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ lọ kàwé gba MBA ní Harvard, Stanford tàbí INSEAD nílẹ̀ Faransé ti ń kó ìwé wọn wá bá mi ní Bódìjà. "Mọ́mì, ṣé wọ́n á gbà mí?" Máàkì GMAT, ìdánwò ìwọlé wọn, ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nà sí mi. Máàkì ṣe pàtàkì lóòótọ́. Láti 205 dé 805 ni wọ́n ń gbà nínú ìdánwò tuntun yìí, 645 rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá 700 ti tẹ́lẹ̀ dọ́gba. Ẹni tó bá gbà á ti ṣiṣẹ́. Àmọ́ ìbéèrè tèmi ni pé: "Ta ló máa kọ lẹ́tà ìjẹ́rìí rẹ?"

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú. Ọmọbìnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pín oògùn láti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́. Ó lọ bẹ ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ní, "Lọ kọ ọ́ wá, màá fọwọ́ sí i." Lójú ọ̀gá, oore ló ṣe é. Bẹ́ẹ̀, púpọ̀ nínú àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí kọ ọ́ kalẹ̀ pé ẹni tó ń wá àyè kò gbọdọ̀ kọ lẹ́tà ara rẹ̀. Ẹni tó ń ka àìmọye lẹ́tà lọ́dọọdún á sì mọ̀ bí ọwọ́ kan náà bá kọ lẹ́tà àti àròkọ.

Ìbéèrè méjì ni ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà máa ń bi ọ̀gá. Wọ́n á ní kó fi iṣẹ́ ẹni náà wé ti ẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọṣẹ́, kó sì mú àpẹẹrẹ wá. Wọ́n á tún bi í pé ìbáwí wo ló ti fún un tó ṣe pàtàkì jù, kí ló fà á, báwo ni ọmọ náà sì ṣe gbà á. Ìbéèrè kejì yìí ló ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀gá wa. Wọn ò fẹ́ tú àṣírí ọmọ tó wá bẹ̀ wọ́n, wọ́n á wá kọ ọ́ pé kò ní àléébù kankan, olóòótọ́ ni, ó ń tètè dé ibi iṣẹ́, ó bẹ̀rù Ọlọ́run. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí mo bá kà á, torí ó lè jẹ́ ọmọ tó mọṣẹ́ jù ní ọ́fíìsì náà ni wọ́n kọ ọ́ fún.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù di ọ̀wọ́n ní 2023, ọmọbìnrin ilé iṣẹ́ oògùn yẹn ló tún ọ̀nà tí ọkọ̀ wọn ń gbà tò, tí ọkọ̀ mẹ́ta fi ń ṣe iṣẹ́ márùn-ún. Ọ̀gá bá a wí nígbà náà pé kò fọ̀rọ̀ lọ àwọn awakọ̀. Ó padà lọ jókòó tì wọ́n, ó gba àtúnṣe lẹ́nu wọn, iṣẹ́ sì dán ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ń béèrè gan-an nìyẹn! Ọ̀gá nìkan ló lè jẹ́rìí sí i, kò sì sí nínú ìwé tó fọwọ́ sí.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo bẹ̀ yín, bí ọmọ iṣẹ́ yín bá dé, ẹ jókòó kọ ọ́ fúnra yín. Ẹ sọ ibi tó kù sí àti bó ṣe tún un ṣe. Bí ẹ ò bá ráyè, ẹ tètè sọ fún un kó wá ẹlòmíràn. Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹsàn-án ni ìpele àkọ́kọ́ ìforúkọsílẹ̀ fún MBA Harvard máa ń parí, lẹ́tà méjì ni wọ́n sì ń gbà.