Ọlọ́kadà àti Awakọ̀: Kí Ẹnìkíní Rí Ẹnìkejì

Nígbà tí ènìyàn bá ti orí alùpùpù ṣubú sí ojú títì, tí ó sì kú, ọ̀rọ̀ tí ó kọ́kọ́ ń jáde lẹ́nu àwọn tí ó péjọ ni pé, "Àmúwá Ọlọ́run ni." Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ọ̀tá wà nínú rẹ̀, àwọn mìíràn a ní Ògún ni ó fẹ́ mu ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà wọn a gbé òkú lọ, wọn a da yẹ̀pẹ̀ bo ẹ̀jẹ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, àwọn ọlọ́kadà kan náà a tún máa sá eré kan náà ní ibi kan náà, láìsí àṣíborí lórí wọn, láìsí iná lẹ́yìn ọ̀kadà wọn. Àwọn àgbà wí pé àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Púpọ̀ nínú ìjàǹbá ọ̀kadà jẹ́ àrùn tí ojú ń rí ìdí rẹ̀, tí a sì lè wò kí ó tó di ikú.

Kò sí ẹni tí yóò sọ fún àgbẹ̀ pé alùpùpù kò wúlò. Òun ni ó ń dé abà tí ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin kò lè dé. Òun ni ó ń gbé àpò kòkó jáde nínú igbó, òun ni ó ń gbé iṣu lọ sí ọjà, òun kan náà ni ó sì ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru. Orúkọ tí gbogbo ayé ń pè é, èyíinì ni ọ̀kadà, ti ara ọkọ̀ òfurufú wá: Okada Air, tí Olóyè Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, tí ó sì fi orúkọ ìlú Okada ní ilẹ̀ Ẹdó pè. Nítorí pé alùpùpù a máa kọjá fìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ tí ó há sójú ọ̀nà, ni àwọn ènìyàn ṣe fi orúkọ náà dá a lápàárá. Àpárá náà dùn, ṣùgbọ́n ohun tí kò ní ìyẹ́ kò yẹ kí ó máa fò.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Òkúdù ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin lé ọ̀kadà kúrò pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Ìlú ńlá lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ní ọkọ̀ mìíràn. Ní oko, kò sí ohun tí a ó fi rọ́pò rẹ̀. Nítorí náà, ìwà àwọn tí ń gùn ún àti ti àwọn tí ń bá a pín ojú ọ̀nà ni ó gbọ́dọ̀ yípadà.

Kí ni olórí ohun tí ń fa ìkọlù láàárín ọ̀kadà àti ọkọ̀? Ní ọdún 1981, ọ̀mọ̀wé kan tí à ń pè ní Harry Hurt, ti yunifásítì Gúúsù Kalifóníà ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìròyìn ìwádìí rẹ̀ jáde lórí ìjàǹbá alùpùpù 900 tí òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ wò ní ibi tí wọ́n ti ṣẹlẹ̀. Nínú èyí tí alùpùpù àti ọkọ̀ mìíràn ti kọlu ara wọn, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni ó jẹ́ pé awakọ̀ ọkọ̀ kejì ni ó gba ọ̀nà tí ó tọ́ sí alùpùpù. Ẹjọ́ tí àwọn awakọ̀ náà sì ń rò jọra: wọn kò rí i, tàbí wọ́n rí i nígbà tí ó ti pẹ́ jù.

Òtítọ́ lè wà nínú ẹjọ́ wọn. Alùpùpù tínrín, ojú awakọ̀ sì ti mọ́ wíwo ohun ńlá. Láti òkèèrè, ohun tínrín kì í fi ara hàn bí ẹni pé ó ń súnmọ́ni, àfi ìgbà tí ó bá dé tán. Láti ọjọ́ kejì oṣù Igbe ọdún 1972 ni ọkọ̀ ti ń gba apá ọ̀tún ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Nítorí náà, awakọ̀ tí ó bá fẹ́ yà sí òsì gbọ́dọ̀ dábùú ọ̀nà àwọn tí ń bọ̀ níwájú rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà ti ń pàdé ikú. Ní ti ọkọ̀ àjàgbé, àwọn ibì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí awakọ̀ rẹ̀ kò lè rí rárá. Ọlọ́kadà tí kò bá rí ojú awakọ̀ nínú dígí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ náà, kí ó mọ̀ dájú pé awakọ̀ náà kò rí òun.

Ọlọ́kadà yóò wí pé, "Ẹ̀bi awakọ̀ nìyẹn, kì í ṣe tèmi." Ó lè jàre. Ṣùgbọ́n àre kì í to egungun tí ó ti ṣẹ́, òkú tí ó jàre àti òkú tí ó jẹ̀bi, inú ilẹ̀ kan náà ni wọ́n ń sùn. Ọgbọ́n ọlọ́kadà ni kí ó máa rìn bí ẹni pé kò sí ẹni tí ó rí i, kí ó sì ṣe gbogbo ohun tí a ó fi rí i.

Ó ṣeé ṣe kí a rí i. Ìwádìí kan tí a ṣe ní ìlú Auckland ní ilẹ̀ New Zealand, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2004, fi hàn pé ewu ìfarapa àwọn tí ó wọ aṣọ tí ń tàn dínkù ní ìdá 37 nínú 100 sí ti àwọn tí kò wọ̀ ọ́. Ti àwọn tí ń tan iná iwájú lójú ọ̀sán dínkù ní ìdá 27. Ti àwọn tí ó dé àṣíborí funfun sì dínkù ní ìdá 24 sí ti àwọn tí ó dé dúdú. Wo àgbẹ̀ tí ń ti oko bọ̀ ní àṣálẹ́ nígbà náà: aṣọ oko rẹ̀ dúdú, iná ẹ̀yìn ọ̀kadà rẹ̀ ti kú láti ọdún tó kọjá, igi ìdáná tí ó dì sẹ́yìn sì yọ síta ní ọ̀tún àti ní òsì. Ta ni yóò rí i? Aṣọ funfun àti gílóòbù kan kò wọ́n tó ẹsẹ̀ ènìyàn kan.

Ní ti àṣíborí, ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀. Ní oṣù Èbìbí ọdún 1935, T. E. Lawrence, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí òkìkí rẹ̀ kàn ní ilẹ̀ Arábíà, ń gun alùpùpù lọ láìdé àṣíborí. Ó yà kí ó má bàa kọlu ọmọkùnrin méjì tí ń gun kẹ̀kẹ́, ó ṣubú, ó fi orí gbá ilẹ̀, ó sì kú lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà. Hugh Cairns, oníṣègùn ọpọlọ, wà lára àwọn tí ó tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀; ó wádìí ikú àwọn ọmọ ogun tí ń gun alùpùpù, ó kọ̀wé lé e lórí ní ọdún 1941, ní ọdún náà sì ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sọ àṣíborí di dandan fún wọn. Lónìí, àwọn oníṣègùn tí ó ṣe àkójọ ìwádìí oríṣiríṣi ti rí i pé àṣíborí ń dín ikú kù ní ìdá 42 nínú 100, ó sì ń dín ìfarapa orí kù ní ìdá 69.

Nígbà tí àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó bẹ̀rẹ̀ sí fi ọwọ́ líle mú òfin àṣíborí ní Nàìjíríà ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 2009, àwọn kan dé igbá, àwọn kan dé ike ọ̀dà. Àwọn èrò kan sì kọ̀ láti dé ti ọlọ́kadà, wọ́n ní oògùn lè wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ń bẹ̀rù àṣíborí ẹlòmíràn, kí ó ra tirẹ̀. Igbá a máa bu omi. Kò lè gba orí là.

Kí ọlọ́kadà kíyèsí àwọn nǹkan wọ̀nyí.

Èkíní, kí ó jìnnà sí ọkọ̀ iwájú. Alùpùpù tí ń sá kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń rìn tó mítà 16 kí ènìyàn tó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí ọkọ̀ iwájú bá kọjá lára igi kan, kí ó fi sùúrù ka ení, èjì, ẹ̀ta. Bí òun náà bá dé ibi igi náà kí ó tó kà á tán, ó ti súnmọ́ jù.

Èkejì, kí ó lo bíréèkì ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀ pọ̀. Ti iwájú ni ó lágbára jù láti dá alùpùpù dúró. Ṣùgbọ́n lórí yanrìn tàbí ẹrẹ̀, bí a bá fún un lójijì, yóò gbé ni ṣubú. Kí ó dín eré kù kí ó tó dé irú ibẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí ó bẹ̀rù òjò àkọ́rọ̀, nítorí pé epo tí ọkọ̀ ti ń kán sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ń mú títì yọ̀. Kí ó bẹ̀rù ọyẹ́ àárọ̀ pẹ̀lú, tí í bo ojú ọ̀nà.

Ẹ̀kẹrin, kí ó má mu pàrágà kí ó tó gun ọ̀kadà. Ohun tí ó ń pè ní agbára yẹn, oorun ni.

Kí awakọ̀ náà wo òsì, kí ó wo ọ̀tún, kí ó sì tún wo òsì lẹ́ẹ̀kejì kí ó tó wọ oríta. Kí ó wá ohun tínrín, kì í ṣe ohun ńlá nìkan. Kí èrò tí ó jókòó nínú ọkọ̀ wo ẹ̀yìn kí ó tó ṣí ilẹ̀kùn.

Bí ìjàǹbá bá sì ti ṣẹlẹ̀, kí a kọ́kọ́ dá ọkọ̀ tí ń bọ̀ dúró, kí a sì pe àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó lórí 122. Kí a fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde. Kí a má fi ipá fa àṣíborí kúrò, kí a má da omi sí i lẹ́nu. Kí a má sì gbé e há àárín ènìyàn méjì lórí ọ̀kadà mìíràn, nítorí pé ọrùn tí ó ṣẹ́ lè tipa bẹ́ẹ̀ pa á. Bí gbígbé bá di dandan, kí a tẹ́ ẹ sórí pákó, kí ẹnì kan di orí rẹ̀ mú kí ó tọ́ pẹ̀lú ara.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe ti ọlọ́kadà àti awakọ̀ nìkan. Èrò tí ń fi ọwọ́ gbá ọlọ́kadà lẹ́yìn pé kí ó tètè sáré, òun pẹ̀lú ń wa ọ̀kadà náà. Bàbá tí ó gbé ìyàwó àti ọmọ méjì sórí ọ̀kadà kan ṣoṣo lọ síbi ìdúpẹ́ ìkórè, ohun tí ó níye lórí ju ìkórè rẹ̀ gbogbo ni ó fi ń ta tẹ́tẹ́ yẹn. Oṣù Bélú àti Ọ̀pẹ́ ni owó kòkó ń wọlé. Kí olóko yọ owó àṣíborí àti ti iná ẹ̀yìn sọ́tọ̀ kí ó tó ra aṣọ ìkórè. Aṣọ a máa gbó, a ó sì rán òmíràn. Orí kò ní ààrọ̀.