Òòbẹ̀ Ni Òwe Wí, Kì í Ṣe Aláǹgbá

Ọ̀rọ̀ kan ń dùn mí, n kò sì lè pa á mọ́ra.

Nígbà àjọyọ̀ wa ọdún tó kọjá, àwọn kan nínú wa ní àwọn yóò fúnra wọn pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Àbá náà dára. Ṣùgbọ́n nígbà tí àgbàdo tó hù kò tó, wọ́n bu ìyẹ̀fun àgbàdo lásán sí i. Nígbà tí kò dùn, wọ́n da ṣúgà lé e. Ẹnikẹ́ni kò wọn nǹkan kan. Ohun tí a mu lọ́jọ́ náà, ìdajì rẹ̀ ẹ̀kọ, ìdajì omi ṣúgà tó ti kan. Nígbà tí a bi wọ́n, wọ́n pa òwe: bí a kò bá rí àdán, a ó fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Wọ́n tún ní àwọn ìyá wa pàápàá kì í wọn nǹkan.

Irọ́ ni! Òwe dárúkọ òòbẹ̀ nítorí pé ó jọ àdán. Kò ní kí á fi aláǹgbá ṣẹbọ. Ẹni tí yóò fi nǹkan dípò òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ti àkọ́kọ́ ń ṣe. Híhù ni ó ń fún àgbàdo ní agbára tí ń sọ ìyẹ̀fun inú rẹ̀ di adùn. Adùn yìí ni ìwúkàrà ń jẹ tí ó fi ń di ọtí. Èyí tí kò hù, bí a bá dá a sè, ẹ̀kọ ni. Ṣúgà ní adùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọtí tí a fi í pọn kì í ki. Ìwọ̀n wọn kò sì dọ́gba: ṣúgà a yọ́ tán sínú omi, ọkà a fi èèrí sílẹ̀.

Ẹ wo ọdún 1988, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi òfin de kíkó ọkà bálì wọlé. Àwọn tí ń pọn bíà yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ṣùgbọ́n wọn kò kàn fi àpò kan dípò àpò kan. Ìyẹ̀fun ọkà bàbà ń fẹ́ omi tó gbóná ju ti bálì lọ kí ó tó rọ̀. Agbára tí híhù ń fún un kò sì tó ti bálì. Wọ́n yí gbígbóná omi padà, wọ́n sì wá ohun mìíràn tí yóò ran agbára náà lọ́wọ́. Nígbà tí ìjọba tú òfin náà ká, ọkà bàbà kò kúrò nínú bíà wa.

Àwọn ìyá wa ńkọ́? Igbá kan náà ni ìyá mi àgbà fi ń bu àgbàdo. Ó mọ ibi tí omi gbọ́dọ̀ dé lára ìkòkò. Bí àgbàdo bá wọ́n, ó ń fi ọkà bàbà kún un, ṣùgbọ́n òun náà ní láti hù. Bí èyí kì í bá ṣe ìwọ̀n, kí ni à ń pè ní ìwọ̀n? Pé a kò kọ ọ́ sínú ìwé kò wí pé kò sí.

Àwa tí a ń kọ́ èdè mọ̀ pé ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ kan dípò ọ̀rọ̀ kan láìwo ìtumọ̀, èdè ẹnikẹ́ni kọ́ ni yóò kọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọtí. Ẹni tí yóò pọntí fún wa lọ́dún yìí, kí ó mú òṣùwọ̀n dání, kí ó sì lọ jókòó ti ìyá kan. Bí ó bá bà á jẹ́ lẹ́yìn èyí, kí ó dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Kí ó má ṣe di ẹ̀bi rẹ̀ ru àwọn ìyá wa.