Mo Dá Ọmọṣẹ́ Lẹ́bi Kí N Tó Bi Ẹ̀rọ Léèrè

Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Òwe yìí ti wà lẹ́nu mi láti ìgbà èwe, mo sì máa ń fi í bá àwọn ẹlòmíràn wí. N kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí yóò bá èmi náà wí.

Ìsọ̀ tí a ti ń tún ẹ̀rọ ṣe ni mo ní ní Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú, níhìn-ín ní Ìbàdàn. Ìyá kan tí ń ta èlùbọ́ ní Ọjà'ba gbé iṣẹ́ wá fún mi. Ó fẹ́ ohun tí yóò máa pa pọ́ǹpù omi rẹ̀ bí táǹkì bá ti kún, kí ẹnikẹ́ni má baà máa dúró ṣọ́ ọ. Mo ra pátákó kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Blue Pill. Orí rẹ̀ ni ọpọlọ ẹ̀rọ tí à ń pè ní microcontroller wà. STM32F103 ni orúkọ rẹ̀, kọ̀ǹpútà odidi ni, kò sì tó èékánná àtàǹpàkò. Èmi ni mo kọ àṣẹ tí yóò máa tẹ̀ lé. Ọmọṣẹ́ mi ni ó fi léèdì jó gbogbo wáyà rẹ̀. A fi korobá omi dán an wò ní ìsọ̀, ó ṣiṣẹ́ dáadáa, a sì lọ gbé e kọ́ fún ìyá náà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìyá náà fi dé pẹ̀lú ariwo. Táǹkì kún, pọ́ǹpù kò dúró, omi ya wọ yàrá tí ó ń kó ẹrù sí, ó sì ba àpò èlùbọ́ 3 jẹ́. Ojú tì mí gan-an. N kò wo iwájú, n kò wo ẹ̀yìn, mo ní ọmọ yẹn ni kò jó wáyà rẹ̀ bí ó ti yẹ. Mo ní kí ó máa lọ sílé títí àwọn òbí rẹ̀ yóò fi san owó èlùbọ́. Ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ níwájú ìsọ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú wa. Ọdún méjì ni ó ti lò lọ́dọ̀ yín." Mo gbójú kúrò lára rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ní òru ọjọ́ náà, n kò rí oorun sùn. Mo ti gbé ẹ̀rọ náà padà wá sí ìsọ̀, mo sì ti fi mítà wo gbogbo ibi tí ọmọ náà jó. Ẹyọ kan kò já. Mo wá bi ara mi pé, ta ni mo gbọ́ tẹnu rẹ̀ nínú ọ̀ràn yìí? Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò tíì rojọ́.

Ohun tí a fi ń mú kí ẹ̀rọ rojọ́ ni à ń pè ní debugger. Láyé àtijọ́, bí àṣẹ inú ọpọlọ ẹ̀rọ bá ṣì, àbá ni oníṣẹ́ ń dá. Ní 1975, ilé-iṣẹ́ Intel gbé ICE-80 jáde, ohun tí ń dúró sí ipò ọpọlọ náà kí ènìyàn lè máa rí ohun tí ń lọ. Lóde òní, inú ọpọlọ gan-an ni wọ́n ṣe ilẹ̀kùn àyẹ̀wò sí, a kò sì ní í yọ ọ́ kúrò lórí pátákó. Ohun kékeré tí à ń pè ní ST-Link, tí à ń kì bọ ojú USB kọ̀ǹpútà, ni mo fi wọ ilẹ̀kùn náà.

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, ẹ gbọ́ bí mo ṣe ṣe é. Mo kọ́kọ́ rí i pé pọ́ǹpù kò sí lára ẹ̀rọ. Ẹ má fojú kékeré wo èyí o. Bí debugger bá dá ọpọlọ dúró, ohun tí ọpọlọ ti tàn kò ní í kú. Pọ́ǹpù yóò máa fa omi lọ ni. Lẹ́yìn èyí ni mo so wáyà 3: SWDIO mọ́ SWDIO, SWCLK mọ́ SWCLK, GND mọ́ GND. Pátákó mi ní iná tirẹ̀, nítorí náà n kò so 3.3V ti ST-Link mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n GND kò ṣeé fò. Ẹ má ṣe wo bí ọ̀rẹ́ yín ṣe so tirẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ST-Link ni ojú wáyà wọn tò bákan náà. Èyí tí a kọ sára tiyín ni kí ẹ kà. Ẹ má sì jẹ́ kí wáyà gùn jù. Nínú kọ̀ǹpútà, OpenOCD ni ó ń bá ST-Link sọ̀rọ̀, GDB ni èmi ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀fẹ́ ni méjèèjì.

Mo so ó tán, ẹ̀rọ kò fọhùn. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, mo tún fẹ́ sọ pé ọmọ yẹn ni! Ìgbà tí mo wò ó fínnífínní ni mo rí i pé, nígbà tí mo ń ṣètò iṣẹ́ náà nínú STM32CubeMX, ó yẹ kí n mú Serial Wire níbì kan, n kò sì mú un. Nítorí náà, bí ẹ̀rọ bá ti ń jí ni àṣẹ mi ń ti ilẹ̀kùn àyẹ̀wò pa. Ike kékeré kan wà lórí Blue Pill tí à ń ṣí nípò fún BOOT0. Mo gbé e sí 1, mo sì tẹ bọ́tìnì tí ń jí ẹ̀rọ. Bí ó bá wà níbẹ̀, àṣẹ tí wọ́n fi sínú rẹ̀ láti ilé-iṣẹ́ ni ó ń tẹ̀ lé, kì í ṣe tèmi. ST-Link wọlé. Mo mú Serial Wire, ohun kan yìí nìkan ni mo yí padà, mo gbé àṣẹ náà sínú rẹ̀, mo dá BOOT0 padà sí 0.

Mo wá sọ fún GDB pé kí ó bá mi ṣọ́ nọ́ńbà tí pọ́ǹpù gbọ́dọ̀ dúró sí, èyí tí í ṣe sẹ̀ǹtímítà 150. Ohunkóhun tí ó bá yí i padà, kí ó dá gbogbo iṣẹ́ dúró lójú ẹsẹ̀. STM32F103 lè ṣọ́ ibi 4 bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó tì í. Ìṣẹ́jú 5 kọjá, ìṣẹ́jú 10 kọjá. Nígbà tí ó di ìṣẹ́jú 11, ẹ̀rọ dúró. 150 ti di 2317.

Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Mo la àyè 10 sílẹ̀ fún nọ́ńbà tí ẹ̀rọ ń kà lára táǹkì ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n mo kọ àṣẹ kí ó kà dé 11 kí ó tó padà sí ìbẹ̀rẹ̀. Ìkọkànlá kò ríbi jókòó, ó lọ jókòó lé 150 lórí. Ẹ̀rọ wá ń retí kí omi ga dé sẹ̀ǹtímítà 2317. Táǹkì ta ni ó ga tó bẹ́ẹ̀? Ìdánwò tí a ṣe ní ìsọ̀ kò sì ju ìṣẹ́jú 5 lọ, ni a kò fi rí i. Ìlà tí GDB dúró lé lórí, ọwọ́ èmi ọ̀gá ni ó kọ ọ́.

Ilẹ̀ mọ́, mo gba ilé àwọn ọmọ náà lọ ní Bẹ́yẹrunkà. Mo sọ níwájú ìyá rẹ̀ pé, "Ọmọ mi, èmi ni mo jẹ̀bi. Má bínú sí mi." Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ má wí bẹ́ẹ̀ mọ́." Ìyá rẹ̀ kò sọ ohunkóhun, omijé ni mo rí lójú rẹ̀. Láti ibẹ̀ mo lọ sí Ọjà'ba, mo san owó èlùbọ́ láti inú àpò ara mi.

Òfin méjì ni ó wà ní ìsọ̀ mi báyìí. Bí iṣẹ́ bá máa ń gba wákàtí kan nílé oníbàárà, wákàtí kan ni a ó fi dán an wò. Bí ó bá sì bàjẹ́, a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni títí ẹ̀rọ yóò fi rojọ́ tirẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ní ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e yẹ̀ wò.

Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ o.