Bí Òṣìṣẹ́ Bá Lọ, Ẹ Jẹ́ Kí Ọlọ́jà Gbọ́

  

Ní ìpàdé wa tó kọjá, ọmọ ẹgbẹ́ kan dìde, ó ní kí a yọ ojú ewé “Ìròyìn Oṣù àti Òṣìṣẹ́” kúrò nínú ìwé ìròyìn wa yìí. Ó ní kí ló kan òun bí akápò bá gba ìsinmi, tàbí bí a bá gba agbowó tuntun? Ó ní èlé orí ẹ̀yáwó àti ọjọ́ ìpàdé ni kí a máa tẹ̀, kí a yé fi ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ kún ìwé. Àwọn kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan pàtẹ́wọ́. Èmi tí mò ń kọ ojú ewé náà dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn, nítorí ẹni tó ń kọ àkọsílẹ̀ ìpàdé kì í tún bá ará ìpàdé jiyàn. Ṣùgbọ́n èèyàn a máa délé tán kó tó rántí ohun tó yẹ kó sọ. Mo fẹ́ sọ tèmi báyìí.

Èrò mi ni pé ìròyìn ẹni tó wọṣẹ́ àti ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ kì í ṣe òfófó. Owó ni. Owó yín sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀bi ara mi. Àwọn kan nínú yín mọ ọ̀rọ̀ yìí, àwọn kan ò gbọ́ ọ rí. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn agbowó wa kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Kò jà, kò jalè nígbà tó wà lọ́dọ̀ wa, ìwé rẹ̀ mọ́. A gba káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a gba ìwé rìsíìtì tó kù lọ́wọ́ rẹ̀, a kí i pé ó dàbọ̀. Ìwé ìròyìn oṣù yẹn ti wà lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Mo sọ nínú ara mi pé kò burú, yóò wọ ti oṣù tó ń bọ̀. Mo pa ìwé náà dé, mo lọ jẹun.

Ṣé ẹ rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ ọ̀nà ọjà. Ojú rẹ̀ ti mọ́ àwọn ìyá wa lára. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó kọjá ní ìsọ̀ àwọn ẹlẹ́lùbọ́, wọ́n pè é pé, “Agbowó, ṣé o ò ní gba tòní ni?” Ìgbà àkọ́kọ́, bóyá ojú tì í láti sọ pé òun ò ṣe é mọ́. Ìgbà kejì, ojú ò tì í mọ́. Ó ń gbowó, ó ń fi bíírò sàmì sí káàdì, ó ń kí wọn pé ajé á wọgbá. Ọlọ́jà méje ló ń san owó fún un lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí kọ́bọ̀ kan nínú rẹ̀ tó dé ọ́fíìsì.

Ìyá kan nínú wọn ló kọ́kọ́ mọ̀. Ó wá gba owó tó fẹ́ fi san owó ìdánwò ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan náírà ló ń dá lójúmọ́, ọjọ́ méjìdínlógún ni àmì rẹ̀ sì fi wà lórí káàdì tí kò sí nínú ìwé tiwa. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà (₦18,000) nìyẹn. Mo ṣí ìwé wò lẹ́ẹ̀kan, mo ṣí i lẹ́ẹ̀mejì. Mo wá ní, “Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹni tí ẹ ń sanwó fún yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ wa mọ́. Ó ti lọ.”

Ìyá wò mí títí. Ó ní, “Akọ̀wé, ta ló sọ fún mi?”

Ẹ̀yin ará, mi ò rí èsì. Títí di òní, mi ò tíì rí i.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ dé iwájú ìgbìmọ̀, ẹnu ò kò. Àwọn kan ní kí àwọn ọlọ́jà méje náà lọ bá ẹni tó gbowó wọn. Wọ́n ní wọn ìbá ti bèèrè rìsíìtì. Àwọn kan ní àwa la fi í hàn wọ́n, àwa la fún un ní káàdì, àwa la sì mọ̀ pé ó lọ tí a dákẹ́. Òfin òwò pàápàá mọ èyí. Bí o bá ti fi ẹnì kan han àwọn oníbàárà pé aṣojú rẹ ni, tí iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé o sọ fún àwọn tó ti ń bá a dòwò pọ̀, ilé-ẹjọ́ lè sọ pé ìwọ ni kí o ru ẹrù ohun tó fi orúkọ rẹ ṣe. Nígbẹ̀yìn, ẹgbẹ́ san owó náà padà fún wọn. Àpò wo ló ti jáde? Àpò gbogbo wa ni. Èrè tó yẹ kí a pín lọ́dún náà ló dín. Ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ò kan òun, òun náà bá wa san án, kò kàn mọ̀ ni.

Síbẹ̀, méjì nínú àwọn ọlọ́jà náà gba owó wọn, wọ́n sì gba ìwé ìkúrò lẹ́gbẹ́ pẹ̀lú. Owó padà, ọkàn ò padà.

Ẹnì kan lè bi mí pé, ṣé àwọn baba wa ní ìwé ìròyìn nígbà tí wọ́n ń dá èsúsú? Wọn ò ní in, wọn ò sì nílò rẹ̀. Olórí èsúsú ń gbé láàárín àwọn tó ń dá owó. Bí ó bá ṣàìsàn, wọ́n gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Bí ó bá ń palẹ̀ ẹrù mọ́, aládùúgbò rí i. Ìròyìn òṣìṣẹ́ wà lójú gbogbo ayé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ di ńlá, tí a gba ọ́fíìsì, tí a gba akọ̀wé owó àti agbowó, ìmọ̀ yẹn kúrò ní àgbàlá, ó wọ inú fáìlì. Bí a ò bá mú un jáde láti inú fáìlì fún yín, a ti gba nǹkan kan lọ́wọ́ yín tí èsúsú ò gbà lọ́wọ́ àwọn baba yín.

Kì í ṣe èrò tuntun ni mo ń gbé kalẹ̀. Ní ìlú Rochdale ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn èèyàn 28 kó £28 jọ, wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní oṣù Kejìlá 1844. Ìyẹ̀fun, bọ́tà, ṣúgà àti àbẹ́là ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Nínú ìlànà tí wọ́n tẹ̀ lé, ó wà níbẹ̀ pé kí ọmọ ẹgbẹ́ máa rí ìṣirò owó lóòrèkóòrè. Lọ́dọ̀ wa níbí, C. F. Strickland kọ ìròyìn rẹ̀ fún ìjọba ní 1934, òfin ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ sì jáde ní 1935. Àwọn àgbẹ̀ kòkó ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ yìí fi ẹgbẹ́ ta kòkó wọn, ó sì di 1953 kí wọ́n tó ní báńkì tiwọn ní Ìbàdàn. Ní 1995, nígbà tí àjọ ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àgbáyé pàdé ní Manchester, ìlànà méje ni wọ́n fẹnu kò sí. Ìkarùn-ún nínú wọn ni ẹ̀kọ́, ìdálẹ́kọ̀ọ́ àti ìròyìn. Wọn ò ní ẹ ṣe é bí àyè bá wà nínú ìwé. Ìlànà ni, bí ìdìbò ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ti jẹ́ ìlànà.

Mo mọ ohun tí àwọn ará ìgbìmọ̀ kan ń bẹ̀rù. Wọ́n ní bí a bá ń tẹ orúkọ ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀, a ó máa ba orúkọ ọmọlọ́mọ jẹ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìwúwo, mi ò ní fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a sọ pé ẹnì kan ti lọ, ọ̀tọ̀ ni kí a sọ ìdí tó fi lọ. Ohun tí ọlọ́jà nílò kò pọ̀: orúkọ òṣìṣẹ́ náà, iṣẹ́ tó ń ṣe, ìsọ̀ tó ń dé, ọjọ́ tó kúrò, àti orúkọ ẹni tó rọ́pò rẹ̀. Ó parí. Bóyá ó rí iṣẹ́ tó dára jù, bóyá ó bá ọkọ rẹ̀ lọ sí ìlú míì, bóyá òun àti ọ̀gá rẹ̀ ò gbọ́ra yé, ìyẹn ò kan ìwé ìròyìn. Bí ẹ̀sùn owó bá sì wà, ìgbìmọ̀ ni yóò gbọ́ ọ, ìpàdé ni yóò sì gbọ́ àbọ̀. Akọ̀wé ò gbọdọ̀ fi gègé rẹ̀ dá ẹjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbọ́.

Ẹni tó ń wọlé pẹ̀lú ńkọ́? Ìyàwó kì í wọlé kí ará ilé má mọ̀ ọ́n. A máa ń mú un yíká ni, a ní ìyá ọkọ rẹ rèé, ìyáálé rẹ rèé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó yẹ kí a mú agbowó tuntun yíká ọjà láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, kí ó tó fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ẹnikẹ́ni. Kí ẹ rí ojú rẹ̀, kí òun náà rí tiyín.

Mo tún fẹ́ gbèjà àwọn ìròyìn kéékèèké tí a fi ń ṣẹ̀fẹ̀ pé kí ló kàn wá: ẹni tó bímọ, ẹni tó ṣòfò, ẹni tó yege nínú ìdánwò, ẹni tó pé ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tí ọmọ ẹgbẹ́ mọ̀ ní orúkọ, tí wọ́n bá yọ̀ nígbà ayọ̀ tí wọ́n sì kí nígbà ọ̀fọ̀, yóò ṣòro fún un láti fojú owó nìkan wo wọ́n. Ìyẹn ò ní kí a má ṣe àyẹ̀wò ìwé o. Ìfẹ́ ò dí àyẹ̀wò lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n mo gbà pé ìwé ìròyìn nìkan ò tó. Oṣooṣù ni ìwé wa ń jáde, ojoojúmọ́ sì ni owó ń jáde lápò yín. Ohun tó kọ́ mi lọ́gbọ́n nìyẹn. Púpọ̀ nínú àwọn ìyá wa ò sì kàwé. Ẹ wá fi ti fóònù kún un. Ìkéde òtítọ́ ń gba orí fóònù kọjá, ìkéde èké náà ń gba ibẹ̀. Ẹnì kan lè jókòó síbì kan, kó fi orúkọ ẹgbẹ́ ránṣẹ́ sí yín pé nọ́ńbà àkáǹtì wa ti yí padà. Bí irú rẹ̀ bá dé, ẹ má san kọ́bọ̀. Ẹ wá sí ọ́fíìsì, tàbí kí ẹ pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn káàdì yín. Nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yẹn ni kí ẹ má pè.

Nítorí náà, ohun mẹ́rin ni mo fẹ́ kí ìpàdé gbogboogbò tó ń bọ̀ dìbò lé lórí.

Ìkíní, kí ojú ewé òṣìṣẹ́ dúró, kó sì kúrò lẹ́yìn ìwé, kó bọ́ síwájú.

Ìkejì, ní ọjọ́ tí agbowó tàbí akápò bá fiṣẹ́ sílẹ̀ gan-an, kí a lẹ ìkéde mọ́ ara ọ́fíìsì àti ẹnu ọjà, kí akọ̀wé tàbí ará ìgbìmọ̀ kan sì fi ẹnu kà á ní gbogbo ìsọ̀ tí ẹni náà ń dé. Kí a má dúró de àwọn atẹ̀wé.

Ìkẹta, kí agbowó tuntun má bẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹni tó mọ ọjà mú un yíká.

Ìkẹrin, kí ọmọ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan mú káàdì rẹ̀ wá sí ọ́fíìsì lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a fi ṣe ìfiwéra pẹ̀lú ìwé wa lójú rẹ̀. Iṣẹ́ tiyín nìyẹn, ẹ̀yin ará. Ẹ má jẹ́ kó jẹ́ ọjọ́ tí wàhálà bá dé ni a ó jọ ṣíwèé. Ẹni tó bá wá gbowó lọ́wọ́ yín, ẹ bi í pé rìsíìtì dà. Kì í ṣe àrífín. Òṣìṣẹ́ tó mọ́wọ́ á dúpẹ́ pé ẹ bèèrè.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù là ń pe ara wa: a jẹ, a sì ṣẹ́ kù. Ohun tí a ṣẹ́ kù yẹn, òógùn ojú ìyá tó jí ní aago márùn-ún ìdájí wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ bá yí padà, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni kó gbọ́ lọ́jọ́ náà.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ ò kúrò lẹ́gbẹ́. Ó ṣì ń dá ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ lójúmọ́. Bí mo bá kọjá ní ìsọ̀ rẹ̀, á rẹ́rìn-ín, á ní, “Akọ̀wé, ta ló tún lọ?” Mo sì ń dá a lóhùn báyìí, torí pé ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn lọ́jọ́ kìíní ni mò ń fi ojú ewé yìí dáhùn lóṣooṣù.

Ó dọjọ́ ìpàdé o. Ẹ má fi ìdìbò yín sílé.

Èmi ni akọ̀wé yín.