Ẹ Má Fi Alẹ́ Ọjọ́ Kan Díwọ̀n Odindi Sáà

Ní alẹ́ ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin ọdún 1983, ní ìlú Albuquerque lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ayò 52 sí 52 ni yunifásítì Houston àti North Carolina State wà nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ kí àṣekágbá ìdíje NCAA, ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, parí. Dereck Whittenburg ti North Carolina State ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè. Kò dé ibi tó ń lọ. Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó jẹ́ òpó Houston, wà nítòsí agbọ̀n, ṣùgbọ́n Lorenzo Charles, ẹlẹgbẹ́ Whittenburg, ló fò sókè, ló há bọ́ọ̀lù náà lófuurufú, ló sì kì í bọ inú àwọ̀n. Ó di 54 sí 52. Eré parí.

Ìgbà 26 léraléra ni Houston ti borí kí alẹ́ ọjọ́ náà tó dé. Nínú gbogbo sáà, wọ́n borí nígbà 31, wọ́n pàdánù nígbà mẹ́ta péré. Ọmọ tó jẹ́ pé gólì ló ń ṣọ́ nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ l'Ékòó, tó ti di ọ̀dọ́langba kó tó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀, ló ju ayò 20 wọlé ní àṣekágbá yẹn. Síbẹ̀, bí wọ́n bá dárúkọ Houston ti ọdún náà, bọ́ọ̀lù tí Charles kì bọ àwọ̀n ni ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ eré yìí kọ́kọ́ ń rántí.

Fífi bọ́ọ̀lù kan yẹn dá odindi sáà lẹ́jọ́ kò tọ́.

Ẹ wo bí ìdíje NCAA ṣe rí. Yunifásítì tó ń gbá bọ́ọ̀lù yìí ní ìpele àkọ́kọ́ lé ní 350. Ikọ̀ 68 ló ń wọ ìdíje oṣù kẹta, ẹni tó bá sì pàdánù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ilé yá. Nínú gbogbo wọn, ẹnì kan péré ló máa gbé ife. Bó bá jẹ́ ife nìkan la ó fi mọ ẹni tó ṣe dáadáa, a jẹ́ pé gbogbo ìyókù kàn ń làágùn lásán láti oṣù kọkànlá.

Ohun tó dun àwọn olólùfẹ́ Kentucky ní 2015 nìyẹn. Ikọ̀ tí Karl-Anthony Towns àti Devin Booker wà nínú rẹ̀ borí nígbà 38 láìpàdánù ẹyọ kan. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin náà ni Wisconsin fi 71 sí 64 lé wọn sílé ní Indianapolis. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ti gba ife ní ìgbà mẹ́jọ ni Kentucky. Ẹni tó ti mọ́ lára láti fi ẹran jẹ iyán kì í fi ewédú lásán dúpẹ́. Ìrora wọn yéni. Àmọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ìjáwé olúborí 38 ní òfo, àsọdùn ni.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Northwestern, ní Evanston lẹ́bàá Chicago. Ọgbà tiwọn gan-an ni wọ́n ti gbá àṣekágbá àkọ́kọ́ nínú ìtàn ìdíje yìí ní 1939, ṣùgbọ́n ọdún 78 kọjá kí àwọn onílé tó rí ààyè wọlé síbi àsè tí wọ́n gbà lálejò. Ní 2017, wọ́n wọlé. Wọ́n fi 68 sí 66 na Vanderbilt, lẹ́yìn náà Gonzaga fi 79 sí 73 dá wọn dúró. Ìgbà 12 ni wọ́n pàdánù ní sáà náà, ìlọ́po ìlọ́po ti Kentucky, ṣùgbọ́n ayẹyẹ ni ọdún yẹn jẹ́ fún àwọn èèyàn wọn. Àwọn wọ̀nyí ló mọ bí a ṣe ń díwọ̀n sáà: wọ́n wo ibi tí wọ́n ti ń bọ̀.

Ti Virginia tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2018 wọ́n borí nígbà 31, wọ́n gba líìgì ACC àti ife rẹ̀ pọ̀. De'Andre Hunter fara pa kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, kò sì lè gbá. UMBC, tí wọ́n tò sí ipò kẹrìndínlógún, ìyẹn ipò ìkẹyìn ní ẹ̀ka wọn, fi 74 sí 54 nà wọ́n. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn ọkùnrin, ẹ̀sín sì gbòde. Tony Bennett tó ń kọ́ wọn nígbà náà kò tú ikọ̀ náà ká. Ní 2019, Hunter ti padà, Virginia sì gba ife, wọ́n na Texas Tech 85 sí 77 lẹ́yìn àfikún àkókò. Sáà tí wọ́n fi ṣẹ̀sín ni ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ti pé olólùfẹ́ ń ráhùn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Nígbà tí Saint Peter's lé Kentucky sílé ní 2022, tí Oakland tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2024, àárín méjèèjì kò gùn, ẹjọ́ sì wà ńlẹ̀ láti rò. Ohun tó ń tún ara rẹ̀ ṣe yàtọ̀ sí alẹ́ ọjọ́ kan tí bọ́ọ̀lù kọ̀ láti wọlé.

Nítorí náà, sáà Houston ti 1983 yege. Àwọn tó wà ní Albuquerque lálẹ́ ọjọ́ náà pàápàá rí i: Olajuwon tó pàdánù ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó tayọ jù lọ ní ìpele àṣekágbá. Láti ìgbà náà títí di 2025, kò sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn láti ikọ̀ tí kò gba ife tí wọ́n tún fún.