Ìgbàgbọ́ Kọjá Wákàtí Katikísímù



A máa ń gbọ́ ọ léraléra pé kí olùkọ́ Àgùdà mú ìgbàgbọ́ wọ inú gbogbo ẹ̀kọ́ tí ó bá ń kọ́ ọmọ. Gbogbo wa ni a gbà pé òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá bi ara wa léèrè bí a ó ti ṣe é, ẹnu wa kì í kò. Àwọn kan rò pé bí olùkọ́ ìṣirò bá ti ka Àpọ́sítélì méjìlá dípò ọsàn méjìlá, iṣẹ́ ti parí. Èmi kò rò bẹ́ẹ̀, mo sì fẹ́ fi ilẹ̀ Ìbàràpá yìí ṣe àpẹẹrẹ ohun tí mo ní lọ́kàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Ìdèrè. Àwọn àgbà a máa pòwe pé, sòbìà yóò degbò, olúgànbe ni à ń ké sí. Ní Ìdèrè, òwe yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nígbà kan. Aràn náà a máa dá àgbẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́ oko, a sì máa dá ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ dùbúlẹ̀ sílé. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní i káàkiri Nàìjíríà ní 1987 sí 1988, wọ́n lé ní 650,000. Àwọn kan kà á sí ìjà òrìṣà. Ṣùgbọ́n omi adágún ni ó ń gbé e wọ inú ara. Kòkòrò wẹ́wẹ́ inú omi ni ó gbé ọmọ aràn náà mì; ẹni tí ó bá mu omi náà yóò gbé aràn kiri fún nǹkan bí ọdún kan kí ó tó yọ; bí aláìsàn bá sì tún ki ẹsẹ̀ bọ omi, aràn náà yóò da àwọn ọmọ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ti Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti wà ní Igbó-Ọrà láti 1963, bá àwọn ará Ìdèrè jà sí i. A kọ́ àwọn ènìyàn láti máa fi aṣọ sẹ́ omi mímu. Ní 2008 ni a rí aláìsàn sòbìà ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí pé ó ti tán nílẹ̀ wa.

Níbo wá ni ìgbàgbọ́ wà nínú ẹ̀kọ́ ìmọ́tótó yìí? Èkínní, ó wà nínú òtítọ́. Olùkọ́ tí ó bá sọ fún ọmọ pé ìyà ẹ̀ṣẹ̀ ni sòbìà, nítorí kí ó lè fi ìbẹ̀rù Ọlọ́run sí i lọ́kàn, ti purọ́ mọ́ Ọlọ́run. Èkejì, ó wà nínú ìfẹ́ ọmọnìkejì. Ẹni tí sòbìà ti yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tí ó sì kọ̀ láti wọ inú odò, kò rí èrè kan fún ara rẹ̀. Ó ti ní tirẹ̀ ná. Nítorí ọmọ ẹlòmíràn tí yóò mu omi náà lọ́la ni ó ṣe fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bí olùkọ́ bá jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn rí èyí, ó ti kọ́ wọn ní Ìhìn Rere láìyọ kúrò nínú ẹ̀kọ́ tí ó wà lójú pátákó.

Bákan náà ni ìṣirò. Ẹ gbé kóńgò gàrí wá sí kíláàsì, kóńgò kan tí ó pé àti èkejì tí a ti tẹ ìdí rẹ̀ wọnú. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn àwọn méjèèjì, kí wọ́n sì ṣírò iye tí oníbàárà yóò pàdánù bí ó bá ra ogún kóńgò. Òfin keje yóò yé wọn ju bí wọ́n ti í kà á lórí lọ.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò gbọdọ̀ fojú fò dá. Ọmọ Mùsùlùmí yóò jókòó sí kíláàsì wa pẹ̀lú ọmọ Àgùdà, nítorí ní Ìbàràpá, agbo ilé kan náà ni wọ́n ti sábà ń jáde. Òfin Nàìjíríà ti 1999, ní ẹsẹ 38, kọ̀ fún ẹnikẹ́ni láti fi agbára kọ́ ọmọ ní ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀. Àpérò àwọn Bíṣọ́ọ̀bù ní Vatican ní 1965 pẹ̀lú sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ipá mú ẹnikẹ́ni gba ìgbàgbọ́. Ọmọ tí a fi pàṣán mú gbàdúrà yóò kọ́ àgàbàgebè, kò ní kọ́ àdúrà.

Bí ẹnìkan bá ní kò ṣeé ṣe láti fi ìgbàgbọ́ sínú iṣẹ́ láìfi ipá mú ẹlòmíràn, kí ó wo Ọyẹ́-Èkìtì. Láti 1947 títí di 1954, àwọn Fàdá SMA ní ilé iṣẹ́ ọnà níbẹ̀, níbi tí Fàdá Kevin Carroll ti bá àwọn agbẹ́gilére Yorùbá ṣiṣẹ́. Wọ́n gbẹ́ ìtàn Bíbélì ní àṣà àwọn baba wọn. Mùsùlùmí ni Lamidi Fakeye tí ó kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Òun ni ó sì gbẹ́ ilẹ̀kùn ilé ìsìn Àgùdà ní Yunifásítì Ìbàdàn. Ìgbàgbọ́ wà nínú iṣẹ́ náà, òmìnira sì wà fún òṣìṣẹ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé èyí yóò fi orúkọ Jésù pamọ́. Rárá o. Wákàtí Katikísímù dúró, Mísà dúró, àwọn tí ó ni wọ́n yóò sì máa lò wọ́n. Ohun tí mo ń wí ni pé bí a bá fi ìtara kọ́ Katikísímù ní aago mẹ́jọ, tí a sì fi ìmẹ́lẹ́ kọ́ ìṣirò ní aago mẹ́wàá, àwọn ọmọ yóò gba ti aago mẹ́wàá gbọ́.

Nítorí náà, mo bẹ ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, nígbà tí a bá ń kọ ìwé ìmúrasílẹ̀ ẹ̀kọ́ wa, kí a fi ìbéèrè méjì kún un: òtítọ́ wo ni èmi yóò sọ láìbù ú kù? Ta ni yóò jẹ àǹfààní ohun tí ọmọ yìí bá kọ́? Mo sì bẹ ẹ̀yin olùkọ́ wa kí ẹ máa wò ó nígbà tí ẹ bá wá gbọ́ bí a ti ń kọ́ni. Kí Ọlọ́run fi ìbùkún sí iṣẹ́ ọwọ́ wa.