Ìkànìyàn Àti Ìtàn Ìdílé Wa

Nígbàkígbà tí a bá dárúkọ ìkànìyàn ní ilẹ̀ wa, ariwo iye ni a máa ń gbọ́. Ní ọdún 2006, Ìjọba Àpapọ̀ ní 318,166 ènìyàn ni ó wà ní Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní 524,971 ni òun kà. Àwọn olóṣèlú fa ọ̀rọ̀ náà títí, nítorí pé iye ni a fi ń pín owó, òun náà ni a sì fi ń pín àga ní ilé ìgbìmọ̀. A kò sọ pé àríyànjiyàn náà kò nídìí. Ohun tí ó ká wa lára ni pé a kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni bèèrè orúkọ àwọn tí a kà.

Bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ni ìpìlẹ̀ ìtàn ìdílé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ìwé ìkànìyàn bá pé ọgọ́rùn-ún ọdún, a ó ṣí i fún aráyé. Ní oṣù kìíní ọdún 2022 ni wọ́n ṣí ti ọdún 1921, tí ọmọ-ọmọ sì lè rí orúkọ baba ńlá rẹ̀, iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú tí a ti bí i. Ọdún 72 ni ti Amẹ́ríkà: ní oṣù kẹrin ọdún 2022 kan náà ni wọ́n ṣí ti 1950.

Ní ti wa, àpapọ̀ iye ni a ń tẹ̀ jáde. Òfin ní àṣírí ni ohun tí onílé bá sọ fún akànìyàn, ó sì dára bẹ́ẹ̀ fún alààyè. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí a sin orúkọ òkú pẹ̀lú òkú. A ń rọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin kí wọ́n ṣe òfin pé a ó tọ́jú ìwé ìkànìyàn, a ó sì ṣí i lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlú Festac ju ibòmíràn lọ. Nítorí àjọ̀dún àṣà àwọn aláwọ̀ dúdú ti ọdún 1977 ni a ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn láti ìlú gbogbo wá fi í ṣe ilé, lórí ilẹ̀ tí àwọn Àwórì ti ń gbé tipẹ́. Àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ ilé wọ̀nyí ti di arúgbó, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì ti lọ. Ọmọ wọn mọ òpópónà tí ó ń gbé, kò mọ agbo ilé baba rẹ̀. Ìkànìyàn 2006 pàápàá kò bèèrè ẹ̀yà ẹnikẹ́ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, ọwọ́ yín ni iṣẹ́ yìí wà. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ka ìdílé tirẹ̀ sínú ìwé kan: orúkọ, oríkì, ìlú, agbo ilé, ọdún ìbí, ọdún tí wọ́n dé Àmúwò-Ọ̀dọ̀fin, àti orúkọ ẹni tí ó sọ ọ́. Bí ìyá àgbà kò bá mọ ọdún tí a bí òun, ẹ bi í bóyá ó ti lọ́kọ nígbà òmìnira 1960, bóyá ó ti bímọ nígbà ogun abẹ́lé 1967. Ẹ wá ìwé ìrìbọmi, ìwé owó orí àti lẹ́tà àtijọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ jìnnà sí i, Ilé Ìpamọ́ Ìwé ti Orílẹ̀-èdè wà ní Ìbàdàn.

Ìkànìyàn tí a pinnu fún ọdún 2023, a sún un síwájú. Ikú kì í sún ọjọ́ tirẹ̀. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Kí ìjọba máa ka iye. Kí àwa ka orúkọ, kí a sì bẹ̀rẹ̀ nísinsìnyí tí àwọn àgbà ṣì lè dáhùn.